Ẹ Má Na Ọmọ Ajá Náà, Eyín Ló Ń Hù

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ẹ ń múra ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni ẹ sì rí. Nígbà tí ẹ ó fi rí èkejì lábẹ́ àga, ó ti ya jákujàku, ọmọ ajá tí ẹ gbé wálé ní oṣù méjì sẹ́yìn sì jókòó tì í, ó ń ju ìrù sí yín. Ní ọ̀pọ̀ ilé, irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pàṣán máa ń jáde. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n lọ so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé títí yóò fi gbọ́n. Ẹlòmíràn yóò sì fà á lé ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní òun fẹ́ ajá. Ṣùgbọ́n kí a tó nà án, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀

Bíi ti ọmọ ènìyàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ajá ń hu eyín. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 28, wọ́n sì máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà tí a bí i. Wọ́n kéré, wọ́n sì mú bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, eyín àgbà a sì máa hù rọ́pò wọn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Nígbà tí yóò bá fi pé oṣù mẹ́fà tàbí méje, eyín 42 ni yóò ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, erìgì rẹ̀ a máa wú, a máa yún un, a sì máa dùn ún. Gígé nǹkan jẹ ni ìtura rẹ̀. Kò mọ̀ pé owó ni ẹ fi ra bàtà. Ohun tó mọ̀ ni pé ó rọ̀, òórùn yín sì wà lára rẹ̀. Ẹ lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ohun ìṣeré rẹ̀. Ẹ sì lè má rí eyín kankan nílẹ̀, nítorí ó sábà máa ń gbé wọn mì. Kò sí ewu nínú méjèèjì.

Bí ẹ ṣe lè ràn án lọ́wọ́

Ohun tútù máa ń mú ìrora náà rọlẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ ìnura kékeré tó mọ́ sínú omi, ẹ lọ́ ọ bí okùn, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìsà. Bí ó bá ti dì díẹ̀, ẹ fún un kí ó máa gé e jẹ lójú yín. Bí kò bá sí iná, omi tútù inú àmù náà yóò ṣe é. Ohun ìṣeré onírọ́bà tí wọ́n ṣe fún ajá dára pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bí kò bá tẹ̀ rárá, ó ti le jù, ó lè ṣẹ́ eyín.

Ẹ gbé bàtà àti wáyà iná kúrò nílẹ̀. Ẹ má sì fún un ní ògbólógbòó bàtà, nítorí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti tuntun. Bí ó bá gbá ọwọ́ yín mú nínú eré, ẹ dá eré náà dúró, ẹ gbé ohun ìṣeré rẹ̀ fún un, kí ẹ sì yìn ín bí ó bá gbà á.

Ohun tó léwu

Ẹ má fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè. Ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn: paracetamol àti ibuprofen lè pa ajá. Ẹ má sì fi ata pa erìgì rẹ̀ pé kí ó lè jáwọ́.

Oṣù kẹta tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ yìí náà ni ọmọ ajá ti tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi. Ẹ má ṣe fi falẹ̀. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tí ara bẹ́, pàápàá ọmọdé, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é.

Bí oṣù méje bá kọjá tí eyín àkọ́kọ́ ṣì dúró ti eyín àgbà, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá kéékèèké, tàbí bí ó bá kọ oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Oṣù díẹ̀ péré ni eyín fi ń hù, bàtà sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí a ń gbá lẹ́nu nígbà tí ẹnu ń dùn ún yóò kọ́ láti máa bẹ̀rù ọwọ́ ènìyàn, ajá tó bá sì ń bẹ̀rù ọwọ́ ló máa ń bu ọwọ́ jẹ.