Olùkọ́ Ọmọ Àlejò ní Suitland

Suitland kò jìnnà sí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Lẹ́bàá ọ̀nà Silver Hill níbẹ̀ ni Àjọ Ìkànìyàn orílẹ̀-èdè náà, a-ka-olówó-mọ́-tálákà, a-ka-onílé-mọ́-àlejò, fi ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan wà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Prince George's, tí ìwé ìròyìn kì í sábà dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ àlejò ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ohun tí wọ́n lè mú lò nínú ariwo ìlú tuntun. Olùkọ́ ESOL ni wọ́n ń pè é, abiyamọ ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tí a gbà síṣẹ́ láti kọ́ ọmọ tí a kò fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà ní èdè náà, kí ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò, kí ó lè ka ìwé ìtàn, kí ó má sì jókòó sí kíláàsì bí ẹni tí ń wòran.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ohun tí ó mú kí ìjọba pèsè ẹni tí yóò ran ọmọ àlejò lójú kì í ṣe àánú bí kò ṣe òfin. Nígbà tí àwọn òbí ọmọ Ṣáínà ní San Francisco rí i pé ọmọ wọn bí 1,800 ń jókòó sí kíláàsì láìgbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí, wọ́n gbé ọ̀ràn náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ó dájọ́ ní ọdún 1974 pé fífún gbogbo ọmọ ní ìwé kan náà àti olùkọ́ kan náà kò tíì di ọgbọọgba fún ẹni tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ni. Ní ọdún 1982, ilé ẹjọ́ yìí kan náà tún sọ, nínú ẹjọ́ tí ó ti Texas wá, pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ọmọ kò ní ìwé ìgbélùú lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ olùkọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òbí bá lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, wọn a bi í pé èdè wo ni ọmọ kọ́kọ́ fọ̀, èdè wo ni ó ń sọ jù, èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹlòmíràn nínú wa tí ó ń fi Yorùbá jí ọmọ, tí ó ń fi Yorùbá bá a wí, tí ó ń fi Yorùbá gbàdúrà lé e lórí, a kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má ka ọmọ òun kún olódo. Ẹ̀rù tí kò nídìí ni. Fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ni ó ń sọni di ọmọ ESOL. Ìdánwò ni, nínú gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ, ọmọ tí ó bá sì yege kò ní dé kíláàsì ESOL rárá. Èyí tí wọ́n bá fi síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ kọ̀wé ṣàlàyé fún òbí rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà a yí tábìlì kékeré ká; àwọn tí òbí wọn ti El Salvador àti Guatemala wá ni ó sábà ń pọ̀ jù, ọmọ Yorùbá kan a sì wà láàárín wọn. Olùkọ́ a gbé ẹ̀wù òtútù sókè, a dárúkọ rẹ̀, a gbé e wọ̀, a tún bọ́ ọ, kí ọmọ tí kò rí yìnyín rí lè mọ ohun tí yóò wọ̀ lóṣù Kìíní. Ọmọ náà lè má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í tìtorí ìyẹn bá a wí, nítorí ó mọ̀ pé etí ń ṣiṣẹ́ kí ẹnu tó là. Bí ẹnu bá wá là, ọmọ a máa pe ìyá rẹ̀ bí ẹni ń pe ọkùnrin, torí “ó” kan náà ni a ń lò fún tọkùnrin tobìnrin nílé. Olùkọ́ a tún gbólóhùn náà sọ fún un bí ó ti yẹ, láìfi ṣe ẹlẹ́yà. Èyí tí ó ṣòro jù ni ti ìwà: ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó má wo àgbà lójú a dorí kodò bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, olùkọ́ tí kò mọ̀dí rẹ̀ a sì rò pé irọ́ ni ó ń pa. Olùkọ́ ESOL ni yóò lọ là á yé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀wọ̀ ni.

Jim Cummins, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Kánádà, ti fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì eré àti ti ìtàkúrọ̀sọ lè yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu láàárín bí ọdún 2, ṣùgbọ́n ti inú ìwé a máa gbà tó ọdún 5 sí 7. Kí òbí má ṣe bínú, nígbà náà, bí ọmọ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wàrà-wàrà nílé ìtajà bá ṣì wà lọ́dọ̀ olùkọ́ yìí.

Àlejò ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ agbègbè náà fúnra wọn. Ìjọba àpapọ̀ rí i pé àwọn olùkọ́ tí àjọ ilé ẹ̀kọ́ Prince George's kó wá láti òkè òkun, tí ará Philippines pọ̀ jù nínú wọn, ni àjọ náà jẹ́ kí wọ́n san owó ìwé ìgbélùú tí òfin di ru agbanisíṣẹ́. Ní ọdún 2011, àjọ náà gbà láti dá bí mílíọ̀nù 4.2 dọ́là padà fún olùkọ́ 1,044. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú èyí nílẹ̀ àjèjì kì í pẹ́ mọ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń rò pé Yorùbá ilé yóò dí Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, Ilé-Ifẹ̀ ti dá wọn lóhùn tipẹ́. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún 6, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa ní Suitland, ní Largo, ní Bowie àti ní Lanham, bí fọ́ọ̀mù bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ Yorùbá síbi tí ó bá yẹ; bí ẹ bá nílò ògbufọ̀ láti bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, ẹ béèrè, ọ̀fẹ́ ni; ẹ máa bá ọmọ yín sọ Yorùbá nílé, kí ẹ sì fi iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ẹni tí ìjọba ń sanwó fún nítorí rẹ̀.