Ẹ̀pà Tó Bu Àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Àwa Tí À Ń Tà Á Mọ̀

 Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà káàkiri Òkè Ọya ló ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo, ẹni tí kò sì tà á ń jẹ ẹ́. Bí a bá ń ṣa ẹ̀pà, a máa ń rí èyí tó ti sunkì, èyí tó dúdú, àti èyí tí nǹkan bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ti hù sí lára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàrin ara wa: a kì í dà á nù. Àwọn tó ń ṣe òróró àti kúlíkúlí máa ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Àwa náà ti tà á rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. A rò pé iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ ni.

Iná kì í pa á tán. Ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ yìí tú síta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàrin oṣù díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí títí, oúnjẹ wọn ni: èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tó wá láti Brazil. Èbu tó ń jẹ́ Aspergillus flavus ti hù sí i, ó sì ti da oró sínú rẹ̀. Aflatoxin ni wọ́n sọ oró náà, láti ara orúkọ èbu yẹn. Ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Omi híhó kì í mú un kúrò. Yíyan máa ń dín in kù, ògì tó kan náà máa ń dín in kù, ṣùgbọ́n kì í tán.

Kí ló wá ń ṣe nínú ara? Ẹ̀dọ̀ ló máa ń gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ dànù, ibẹ̀ gan-an ló ti ń yí i padà di ohun tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá bá pàdé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ albumin, ìyẹn purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀. Albumin máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú ara, nítorí náà bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ wa lónìí, wọ́n lè mọ bí oró tí a ti jẹ láti bí oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn ṣe pọ̀ tó. Bí ìwé gbèsè ni.

Èyí tó kù ló ń bani lẹ́rù. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ p53, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́ dúró kó má baà máa pọ̀ sí i. Ẹ fi wé ìlẹ̀kẹ̀ 393 tí wọ́n sín sórí òwú kan. Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn èèyàn Qidong ní Ṣáínà àti ti gúúsù Áfíríkà wò, níbi tí oró yìí ti pọ̀ nínú oúnjẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ 249 kan náà ni wọ́n ń bá tó ti yí padà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo o! Aṣọ́nà bá sùn lọ, kókó ń dàgbà.

Ó ní ẹnì kejì tó ń ràn án lọ́wọ́: hepatitis B. Ní Shanghai, wọ́n gba ìtọ̀ àwọn ọkùnrin tó lé ní 18,000, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tó ní oró yìí nìkan fi bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti ẹni tí kò ní ìkankan lọ. Ẹni tó ní hepatitis B nìkan, ìlọ́po méje. Ẹni tí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀, ó tó ìlọ́po 60. Bẹ́ẹ̀ hepatitis B pọ̀ láàrin wa ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láàrin wákàtí 24 tí ẹ bí i. Àgbà tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò, ẹ lọ ṣe é. Bí kò bá sí lára yín, ẹ lè gba abẹ́rẹ́ náà.

Ti ẹ̀pà fúnra rẹ̀ kò le. Ní Guinea, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé mẹ́wàá láti sá ẹ̀pà sórí ẹní dípò ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n ṣa èyí tó bu kúrò, kí wọ́n kó o sínú àpò ìdọ̀họ, kí wọ́n sì gbé àpò náà lé orí pákó. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, oró tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ìdajì ti àwọn abúlé tí wọn ò kọ́. Àpò ọ̀rá tí gbogbo wa ń lò yìí máa ń mú ẹ̀pà làágùn, ẹ ṣọ́ ọ.

Ilé náà ò gbẹ́yìn. Ní IITA n'Ìbàdàn, wọ́n bá irú èbu yìí kan náà tí kì í ṣe oró, wọ́n fi í sára ọkà bàbà, Aflasafe ni wọ́n pè é. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí irúgbìn tó yọ òdòdó, á gba àyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Kò sì yani lẹ́nu, mọ̀lẹ́bí èbu yìí kan wà tí àwọn ará Japan fi ń ṣe ọbẹ̀ sóyà, ìyẹn kì í pa ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń ra ọjà lóko, ẹ bi àgbẹ̀ bóyá ó lò ó.

Àwa ti ń sun èyí tó bu báyìí, a ò fún adìyẹ, a ò sì fún ewúrẹ́. Owó ni lóòótọ́, ó sì ń dunni. Oníbàárà tó máa ń rà á ṣì ń yà wá láràárọ̀, á ní, "Ṣé ti ìsàlẹ̀ àpò kò tíì sí?"