Ríra Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú fún Ṣọ́ọ̀bù àti Ilé

Ìpìlẹ̀. Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn ará Lẹ́bánónì sì tẹ̀lé e wá sí Gbági. Ibẹ̀ sì di ọjà aṣọ. Aláṣọ ibẹ̀, àti èyí tó ti kó lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí yóò fi ṣírò ọjà, tí ọmọ ilé yóò sì fi múra JAMB sílẹ̀, torí orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún láti 2015.

Ibi tí a ti ń rà á. Ní Ìbàdàn: Queen Cinema, Dùgbẹ̀, Ìwó Road. Ẹni tó fẹ́ ra púpọ̀ lè wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹni tó ń ra ẹyọ kan, owó ọkọ̀ á jẹ èrè rẹ̀.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ ni tiwa. Láptọ́ọ̀pù tuntun tówó rẹ̀ kéré a máa dán bí ojú léèsì, àmọ́ ọpọlọ (processor) Celeron tí kò lágbára ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM 4GB tí wọ́n jó mọ́ ọn, tí kò ṣe é fi kún. EliteBook (ti HP), Latitude (ti Dell) àti ThinkPad (ti Lenovo) tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lò lókè òkun kí wọ́n tó tà á dànù, òṣìṣẹ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. RAM 8GB àti SSD 256GB tó fún iṣẹ́ ilé àti ti ọjà.

Kíka nọ́ńbà. Níhìn-ín lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ owó nù. Bí wọ́n bá kọ i5-8250U fún ọpọlọ Intel, 8 tó tẹ̀lé ìlà kékeré yẹn ni ìran rẹ̀: ìran kẹjọ. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà. i5-10210U, ìran kẹwàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi i7 tàn yín: i7 ìran kẹta, ẹ̀yìn i5 ìran kẹjọ ló ń rìn. Ìdí tí ìran fi ṣe pàtàkì ni pé Microsoft dáwọ́ àtúnṣe déédéé dúró lórí Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní 2020, lórí 8.1 ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní 2023, lórí Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 ló kù, ìran kẹjọ sókè ló sì ń gbà. Àwọn ọlọ́jà kan a máa fi tipátipá gbé e sórí ti àtijọ́. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí kankan fún un.

Lórí HP EliteBook 840, G3 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹfà, G4 ìkeje, G5 ìkẹjọ. Lórí ThinkPad, T460 jẹ́ ìkẹfà, T480 sábà máa ń jẹ́ ìkẹjọ. Nínú ti orí tábìlì, ẹ béèrè OptiPlex 7060 tàbí EliteDesk 800 G4. Ẹni tí ti ìran kẹfà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má jù ú nù: kó fi SSD sí i, kó sì gbé Linux Mint lé e lórí dípò Windows. Ọ̀fẹ́ ni.

Iná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú mọ́nítọ̀ a máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 120. Láptọ́ọ̀pù, nǹkan bíi 40. Ní wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 25 lóṣù, yúnìtì 24 sí yúnìtì 8 nìyẹn. Nígbà tí iná Band A di náírà 225 fún yúnìtì kan ní oṣù Kẹrin 2024, ₦5,400 sí ₦1,800 ni. Ẹ fi owó mítà tiyín ṣe é. Láptọ́ọ̀pù ló yẹ ilé. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní inverter lè ra ti orí tábìlì, torí kò sẹ́ni tó máa ki ìyẹn bọ abíyá sá lọ.

Ẹ wo ẹ̀yìn ti orí tábìlì tó bá wá láti Amẹ́ríkà: bọ́tìnnì pupa kékeré lè wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ẹ fi ẹnu bírò tì í sí 230 kí ẹ tó kì í bọ iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dún gbàù.

Ìdánwò lórí káńtà. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ ṣí cmd, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á kọ ìròyìn sínú fáìlì kan; ẹ ṣí i, ẹ ó rí ìwọ̀n tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, pẹ̀lú èyí tó ń gbà báyìí. Bí 50,000 bá ti di 20,000, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Èmi náà ti jìyà rẹ̀: ọlọ́jà kan fi 100% hàn mí, mo sanwó, mo délé, mo ń tẹ orúkọ àwọn oníbàárà, ó ku 71%, ló bá kú fin. Mo pè é. “Bàbá, bátìrì kì í ní wáráńtì o.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ máa tẹ F10 lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí Lenovo, láti wọ BIOS. Bó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í. Ẹ dìde níbẹ̀. Bí kò bá béèrè, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òwú. Aláṣọ, ẹ gbé ti orí tábìlì kúrò nílẹ̀. Fùkẹ̀fùkẹ̀ òwú láti ara aṣọ, pẹ̀lú eruku ọyẹ́, ló ń dí fáànù rẹ̀ pa. Ẹ ṣí i gbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ.

Kíkọ Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows fúnra rẹ̀.

Ìwé àkáǹtì. LibreOffice tó, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má tíì ju ìwé gbèsè tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ nù. Ẹ máa kọ méjèèjì pọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí flash, kí flash náà má sùn ní ṣọ́ọ̀bù.

Rìsíìtì. Kí nọ́ńbà tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fi dá a padà.