Sáfà Méjì, Dísìkì Kan: Bí A Ṣe Ń Tún Ibi Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Ṣe Láìba Àkọsílẹ̀ Jẹ́

Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kì í pẹ́ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ yóò fi gba àdúgbò. Oníṣòwò tó ní jẹnẹrétọ̀ méjì mọ̀ pé bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, òun yóò tan èkejì. Irú ètò yìí ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá, báǹkì àti ọ́fíìsì ńlá máa ń ṣe fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pèsè iṣẹ́ fún gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Wọ́n máa ń so sáfà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láìpẹ́, ẹni tó dúró níwájú káńtà sì lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé sáfà lè jẹ́ méjì, kí ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ sí sì jẹ́ ẹyọ kan. Nínú àwọn dísìkì tí sáfà méjèèjì jọ ń lò ni orúkọ aláìsàn, iye owó oníbàárà àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí ọmọ wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sáfà kejì kì yóò rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àǹfààní ètò náà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á fi alájọ kan ní ọjà Ìkòtún ṣe àpẹẹrẹ. (Kì í ṣe alájọ Ṣómólú tí àwọn àgbà ń ròyìn pé orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ìwé, tiwa yìí ń kọ ọ́ sílẹ̀.) Ó ní akọ̀wé méjì àti ìwé kan ṣoṣo. Ìwé náà wà lórí tábìlì tí ọwọ́ àwọn méjèèjì tó, aṣọ ìkélé sì wà láàárín wọn. Bí èkíní bá ń kọ̀wé, yóò máa sọ̀rọ̀ sókè kí èkejì lè mọ̀ pé òun ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ariwo ọjà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Akọ̀wé kejì rò pé ẹnìkejì òun ti lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ìlà tí èkíní kọ ₦5,000 ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sí ni èkejì kọ owó bàbá aláṣọ lé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹni tó lè ka ewé náà mọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ sáfà rí. Wọ́n máa ń fi àmì ránṣẹ́ sí ara wọn nígbà gbogbo láti fi hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè. Bí wáyà àárín wọn bá já, oníkálùkù lè rò pé èkejì ti kú, kí àwọn méjèèjì sì máa kọ nǹkan sórí dísìkì kan náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń fi ẹlẹ́rìí kẹta sí i, kí ó lè jẹ́ pé sáfà tó bá ní ìbò méjì nínú mẹ́ta nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìlànà kejì le ju èyí lọ: kí sáfà kan tó fọwọ́ kan dísìkì ẹnìkejì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná onítọ̀hún tàbí kí ó dí ọ̀nà rẹ̀ sí dísìkì náà pátápátá.

Lójú tiwa, ọjọ́ àtúnṣe ló léwu jù. Bí òṣìṣẹ́ bá dá dísìkì dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, ètò tó ń ṣọ́ sáfà kò mọ̀ pé àtúnṣe ni. Ó lè rò pé dísìkì ti bàjẹ́, kí ó sì gbé e fún sáfà kejì lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí ibòmíràn, kí wọ́n sì ṣí i wò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò sọ fún ètò náà pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Windows Server ní ipò tí wọ́n ń fi dísìkì sí fún èyí, Pacemaker tí àwọn tó ń lo Linux mọ̀ sì ní irú rẹ̀. Ní ipò yẹn, ètò náà kò ní gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn fúnra rẹ̀. Sáfà kan ṣoṣo ni yóò di dísìkì náà mú títí àtúnṣe yóò fi parí. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù ni láti mú dísìkì kúrò ní ipò yẹn lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni lè má fura, títí di alẹ́ ọjọ́ tí sáfà kìíní yóò kú, tí èkejì sì lè kàn máa wò ó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báǹkì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Ìnira ni, ṣùgbọ́n okùn tó já kì í pa ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́. Ọ̀ràn Yunifásítì Kyoto ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 yàtọ̀. Wọ́n pààrọ̀ ìlànà iṣẹ́ kan tó yẹ kó máa pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́, nígbà tí ìlànà náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sí okùn tó já níbẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí tẹ́rábáìtì 77 ló parẹ́ lórí dísìkì tí àwọn olùwádìí jọ ń lò. Ó kan ẹgbẹ́ olùwádìí 14, mẹ́rin nínú wọn kò sì ní ẹ̀dà tí wọ́n lè fi dá tiwọn padà.

Òfin ààbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ka irú ìpàdánù báyìí mọ́ àṣìṣe ààbò. Bí ó bá lè fa ewu fún ẹni tó ni dátà, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC láàárín wákàtí 72. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìkéde pé iṣẹ́ kan yóò dúró fún wákàtí díẹ̀ lóru nítorí àtúnṣe, ẹ fara dà á, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn aládàáni, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìgàndó àti àgbègbè rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dísìkì méjì tó ń kọ ohun kan náà ti tó. Fáìlì tí wọ́n bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí ọ̀kan yóò pa rẹ́ lórí èkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín tọ́jú sáfà léèrè pé: ìgbà wo ni a ṣí ẹ̀dà ìpamọ́ wa wò kẹ́yìn, ta ló sì wà níbẹ̀?