Obìnrin Tó Ń Gbé Oògùn Wá Bá Wa Lọ́jà: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀ tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lórí, a ò rí i parí. Ìyálọ́jà wá ní kí akọ̀wé lọ kọ ọ́ sínú ìwé wa yìí, kí kálukú rò ó wò kí a tó tún jókòó. Ọ̀rọ̀ obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tó máa ń wá sọ́jà wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gbé báàgì kọ́ èjìká, tí yóò jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn elélùbọ́, tí yóò so rọ́bà mọ́ wa lápá láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ara ọmọ bá gbóná, yóò gún un níka díẹ̀, yóò kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ bóyá ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni tàbí nǹkan mìíràn. Òun ló ń rán àwọn ìyàwó kéékèèké létí pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ti pé. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo rò pé oòrùn ló ń fọ́ mi lórí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Màmá, ẹ palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà nísinsìnyí.” Mo bá a jà, torí pé mi ò tíì tajà rárá lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró tì mí gbagidi títí mo fi da aṣọ bo igbá. Oògùn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà ni mo ṣì ń lò dòní.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí a ò rí i. Mo lọ wò ó nílé, mo bá a nídìí agbada àkàrà. Ó ní òun ò bínú sí wa o, ṣùgbọ́n owó díẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún òun, ó ti pẹ́ tí òun ti fojú kàn án. Owó ọkọ̀ wá sọ́jà, àpò ara òun ló ń ti jáde. Nǹkan tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò náà sì ti tán, wọn ò fún òun ní òmíràn. “Màmá, àwọn ọmọ mi ń jẹun,” ohun tó sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Nígbà tí mo jábọ̀ fún ẹgbẹ́, àwọn kan ní kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá owó fún un. Àwọn kan ní kí ló kàn wá ńbẹ̀, ṣebí ìjọba ló rán an níṣẹ́. Mo tilẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan ń pè é ní wolé-wolé. Rárá o! Ìdọ̀tí ni wolé-wolé ń wá kiri. Ara wa ni ti obìnrin yìí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé wa, nítorí a máa ń pe gbogbo wọn ní nọ́ọ̀sì. Àwọn tí à ń bá ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. CHEW ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé owó oṣù ìjọba. Àwọn kejì ni irú obìnrin tiwa yìí. Àárín àdúgbò ni wọ́n ti mú wọn, wọ́n fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa wọlé tọ̀ wá. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí irú ètò bẹ́ẹ̀ kan, CHIPS lorúkọ rẹ̀, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yàn. Owó ìtìlẹ́yìn kékeré ni wọ́n ń fún wọn. Kì í ṣe owó oṣù, kò sì sí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni okùn ti ń já.

Kì í ṣòní, kì í ṣàná. Ẹ̀yin àgbà inú wa á rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti tó di mínísítà ìlera ní 1985. Ọmọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni, ìyá tó kó àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹ ò rí i pé ọmọ wa ni! Dókítà àwọn ọmọdé ni ọkùnrin náà, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú sílé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan. Ó ní kí ìlera bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kùkú. Ní 1986, wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Abẹ́ ètò yìí ni wọ́n ti ní kí abúlé yan ẹni tí wọ́n fọkàn tán, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, kí wọ́n fún un ní àpótí oògùn. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí abúlé yàn yẹn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n kà á sí, tàbí kí abúlé wá nǹkan fún un. Nígbà tí oògùn inú àpótí bá tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá bẹ̀ ẹ́ wò mọ́, kí ni kó ṣe? Ó padà sóko. Ó jọ ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá kó ọjà fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò bi í léèrè mọ́, tí kò sì fún un lóúnjẹ.

Ibòmíràn ti gbé e gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè Ethiopia kò lówó jù wá lọ. Ní 2003 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ti ka ìwé dé kíláàsì kẹwàá, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, wọ́n dá wọn padà sí àdúgbò wọn ní méjì-méjì. Ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́, owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Wọ́n lé ní 30,000. Ní 1990, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí níbẹ̀, nǹkan bí 200 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Nígbà tó fi di 2012, kò tó 70 mọ́. Mi ò sọ pé àwọn obìnrin yìí nìkan ló ṣe é o, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ dáadáa. Ní Brazil ńkọ́, níbi tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú bímọ sí? Inú òfin ńlá orílẹ̀-èdè ni wọ́n kọ owó oṣù irú òṣìṣẹ́ yìí sí ní 2022: kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jùlọ. Àjọ ìlera àgbáyé náà ti sọ ọ́ láti 2018 pé kí wọ́n máa sanwó fún wọn, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé àdéhùn iṣẹ́.

Ó wá ku tiwa. Àwọn tó ní ká máa dá owó oṣù fún un, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn, ẹ má bínú. Bí ọjà bá kùtà, ta ni yóò dá a? Ìsọ̀ tó bá san jù, ṣé kì í ṣe òun ni wọn yóò máa kọ́kọ́ wò? Bí a bá tilẹ̀ san án pé pérépéré, a ò lè fún un ní oògùn, a ò lè fún un ní ọ̀gá tí yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, a ò sì lè sọ pé kí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà gba ẹni tó bá fi ìwé rán wá. Lọ́jọ́ tó mú mi lọ yẹn, bí kì í bá ṣe pé wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀, orí ìlà ni ǹ bá wà di alẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyá elépo kan dá mi lóhùn nípàdé pé ilé tó ń jó kì í dúró de ìjọba, mi ò sì lè pè é lẹ́jọ́. Àbá mi ni pé kí àpò ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré. Láàárín oṣù mẹ́ta náà, kí a gbé ìwé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìlera alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀, pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó oṣù, abẹ́ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sówó. Òfin ìlera 2014 ya owó sọ́tọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ní oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí. Ìgbìmọ̀ kan ń bẹ ní wọ́ọ̀dù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ó sì yẹ kí aṣojú àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀. Mo bi èèyàn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ pé ta ló ń bá wa jókòó níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí a yan ẹnì kan ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹni tí kì í pẹ́ lẹ́yìn, tí ẹnu rẹ̀ kì í wọlẹ̀ níwájú ọkùnrin.

Mo ti kọ ìwé náà sílẹ̀. Ó wà ní ìsọ̀ mi, lábẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá mọ̀wé kọ kó wá fọwọ́ sí i, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó wá tẹ̀ka. Mo ti ra pádì aláwọ̀ aró. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ báyìí. Ti obìnrin náà kò sí ńbẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun.