Ẹ Lọ Wo Ilẹ̀ Náà Lẹ́yìn Òjò

Oṣù Kíní ọdún 2008 ni mo ra ilẹ̀ tí mo kọ́lé sí l'Óṣogbo. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ń sọ, koríko ti gbẹ pátápátá. Ọkùnrin tó mú mi débẹ̀ fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ wo bó ṣe le gbagidi." Ó le lóòótọ́. Èmi náà fi bàtà lù ú. Kókò hù lẹ́bàá ibẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láàárín koríko gbígbẹ, mo sì rí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé màá máa rí kókò sè. Mo sanwó.

Ọdún kejì, nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, omi ti wọ yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ti mọ dé ojú fèrèsé. Àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá tí mo tò síbẹ̀ ti di òkúta nínú àpò wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sórí èyí tó wà lókè pátá, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò.

Mi ò bá ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi jà. Kókò tó fẹ́ràn ilẹ̀ olómi ti sọ fún mi kí n tó sanwó, èmi ni mi ò gbọ́. A wó ìpìlẹ̀, a gbé e ga, a la gọ́tà yí ilé ká, owó tí mo ná síbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilẹ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, kò sí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnìkan má wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wo ilẹ̀ kan." Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni mo fi ṣe àkọlé yìí.

Ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó gan-an, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: Laróòyè àti Tìmẹ́hìn kó ènìyàn wọn wá, wọ́n rí omi, wọ́n tẹ̀dó sí etí odò. Wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà, sì figbe ta pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ó ní kí wọ́n ṣí kúrò létí omi, kí wọ́n gòkè. Wọ́n gòkè. Ẹni tó bá rò pé ìtàn òrìṣà nìkan ni èyí, kò tíì ra ilẹ̀ rí. Àwọn baba ńlá wa gba ìmọ̀ràn, wọ́n kúrò létí odò. Àwa ọmọ wọn ló ń fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀ padà, ilé kan lẹ́yìn òmíràn.

Ibi kan ṣoṣo tí a kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ni Igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà márùnléláàádọ́rin (75) ni. Ìjọba àpapọ̀ ti dáàbò bò ó láti ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Susanne Wenger, oníṣọ̀nà tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, jà fún igbó yẹn títí ó fi kú lọ́dún 2009. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn òrìṣà ni mí, mọ́sálásí ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Bí kò bá sí ìyá yẹn àti àwọn oníṣọ̀nà tó bá a ṣiṣẹ́, a ò bá ti pín igbó náà ní pílọ́ọ̀tì pílọ́ọ̀tì tipẹ́, kí odò tó ń rí ibẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ sí wá máa tẹ́ ẹ sí pálọ̀ onípálọ̀.

Ohun méjì ló sọ ilé di wúrà níbí lójú tèmi. Èkíní ni ọdún 1991, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí Òṣogbo sì di olú ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba kó dé láti ibi gbogbo, wọ́n ń wá yàrá. Èkejì ni yunifásítì ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007. Ọ̀nà Òkè-Baálẹ̀ tí mo mọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ báyìí, yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tí kò gbà ju ènìyàn kan lọ.

Ó tún wá ku oṣù Kẹjọ, oṣù ọdún Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá ti ṣe Ìwọ́pópó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún náà, tí wọ́n tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, títí di ọjọ́ tí Arugbá, ìyẹn wúńdíá tó ń ru ẹbọ ìlú, yóò gbé igbá rẹ̀ lọ sódò, ìlú yìí kì í ṣe ti àwa nìkan mọ́. Ọmọ Òṣogbo tó wà l'Ékòó, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlẹ́sìn Ọ̀ṣun láti Bùràsíìlì àti Kúbà, gbogbo wọn ló dé. Inú wa ń dùn, ọjà ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúnàádúrà ilẹ̀ lásìkò yẹn. Onílẹ̀ tó ń gbọ́ èdè òyìnbó lóríṣiríṣi lójú títì kò ní dá yín lóhùn ní iye tí yóò gbà lóṣù Kọkànlá. Ẹ lo àsìkò ọdún láti bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Gbogbo ènìyàn ló jókòó sí iwájú ilé, ara wọn yá gágá, wọ́n á sì sọ èyí tí ajẹ́ńtì kò ní sọ láéláé: ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà, oṣù tí iná ti lọ tí kò dé, ibi tí omi ń gbà kọjá.

Òjò máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lásìkò ọdún, tó bá di oṣù Kẹsàn-án yóò padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ wo ilẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ lẹ́yìn òjò òru. Tó bá jẹ́ ilé ni, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Omi máa ń fa ìlà aláwọ̀ pupa kan sára ògiri, ọ̀dà kì í sì í bò ó tán. Bí ẹ bá rí ògiri tí wọ́n kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan lọ́dà tuntun, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí òkè kò gba tirẹ̀. Kànga ńkọ́? Ti kànga yàtọ̀. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ yọjú wò ó, tàbí kí ẹ pe ẹni tó máa gbẹ́ ẹ, torí kànga tí wọ́n gbẹ́ nígbà òjò lè gbẹ táútáú bí ọyẹ́ bá dé.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kù. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí pílọ́ọ̀tì wọn ṣe fẹ̀ tó. Ẹlòmíràn ń sọ ti ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ẹlòmíràn ń sọ ti 60 sí 120, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Èkó máa ń ṣubú síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú sí yín lára. Ọmọ ìdílé tó tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó sì jẹ́ olórí ẹbí ló dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé gbọ́, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n tú u. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ni kó fọwọ́ sí i níṣojú agbẹjọ́rò tiyín, kì í ṣe tiwọn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ mú nọ́ńbà tó wà nínú ìwé sọ́fè lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba, bóyá wọ́n ti gba ilẹ̀ náà fún nǹkan mìíràn. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ilẹ̀ tó ní C of O, ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, gan-an, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ayálégbé náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín torí mo jẹ́ onílé. Ẹni tó ń sanwó ilé lọ́dọọdún, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i; ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Onílé tó bá gun òkè ilé lọ ká páànù kí ayálégbé lè kó jáde, kò sí òfin tó tì í lẹ́yìn. Ẹnìkan dá irú rẹ̀ láṣà ní àdúgbò wa, ìpàdé wa ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e kò tú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, tọkọtaya kan ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ wo ilé kan tí wọ́n fẹ́ rà, yàrá mẹ́rin, kò jìnnà sódò. Àdìrẹ ni ìyàwó ń ṣe. Ajẹ́ńtì ti ṣáájú wa débẹ̀, ó ti gbálẹ̀ pálọ̀, ó sì ṣí fèrèsé gbogbo. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ wọ pálọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó dúró, omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ibí ni wọ́n ní kí n máa ti rẹ aró?"

Ajẹ́ńtì ní kò sí wàhálà, tírélà iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta péré ni, wọ́n á kún un.

Ó wo ara ògiri, níbi tí ìlà pupa ti dé orúnkún rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wá wò mí.

"Màmá, ìkòkò mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ńkọ́?"