Ilé Ahọ́n tí Àtàǹpàkò Gbà

Bí mo bá ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, mi ò lè fi eyín já òwú bí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣe. Àfi kí n wá sísọ́ọ̀sì. Eyín iwájú mi tòkè kì í pàdé tìsàlẹ̀. Òwú á kàn gba àárín wọn kọjá ni. Àtàǹpàkò mi ọ̀tún ló fà á.

Mo mu ọwọ́ títí mo fi dé kíláàsì kẹta ní pírámárì. Ní agbo ilé wa ní Ìkòròdú, ewúro loògùn rẹ̀. Ìyá àgbà á gbo ó, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n jẹ́ kó gbẹ. Bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn sí mi, mo ti nù ún mọ́ etí aṣọ, àtàǹpàkò ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ata kún un. Ojú ni ata yẹn kọ́kọ́ dé, torí ọwọ́ yẹn náà ni mo fi nu oorun nù láàárọ̀. Ará ilé kejì gbọ́ igbe mi. Ìyá àgbà ló fomi tútù bọ́ mi lójú, wọ́n sì gbé mi pọ̀n. Lẹ́yìn wọn níbẹ̀ ni mo ti mu ọwọ́ náà sùn.

Kí ló dé tí ewúro kò fi ràn án? Inú oyún ni ọmọ ti ń kọ́ ọwọ́ mímu. Àwòrán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà fún aláboyún a máa fi hàn. Ohun tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni, tó ń mú oorun wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 2 sí 4. Ti ẹni tí kò fi í sílẹ̀ títí eyín àgbà fi ń yọ ló di wàhálà.

Ẹ pa ẹnu dé díẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ahọ́n yín wà. Ó yẹ kó tẹ́ mọ́ àjà ẹnu, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lẹ́yìn eyín òkè. Ilé rẹ̀ nìyẹn. Bí àtàǹpàkò bá wọbẹ̀, ahọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì á máa tẹ eyín sínú, àjà ẹnu á fún, eyín iwájú á ta síta. Iye wákàtí tí ìka ń lò níbẹ̀ ló burú ju agbára tí ọmọ fi ń fà á lọ, ìyẹn ni ẹni tó ń mu ọwọ́ sùn mọ́jú fi ń jìyà jù. Bí ọmọ bá wá jáwọ́ tán, ahọ́n lè má mọ̀nà ilé mọ́: bó ṣe ń gbé itọ́ mì ni yóò máa ti ahọ́n sí àlàfo eyín, àlàfo náà kò sì ní dí.

Ìdẹ́rùbà làwọn òyìnbó náà kọ́kọ́ gbójú lé. Lọ́dún 1845, dókítà kan ní Frankfurt, Heinrich Hoffmann, tẹ ìwé ọmọdé kan jáde tí télọ̀ ti fi sísọ́ọ̀sì gé àtàǹpàkò ọmọ tó ń mu ọwọ́. Ọ̀nà mìíràn là lọ́dún 1918, nígbà tí Alfred Rogers, dókítà eyín ní Boston, kọ̀wé pé a lè fi eré ìdárayá kọ́ iṣan ojú àti ẹnu. Lójú tirẹ̀, iṣan lè ṣiṣẹ́ tí wáyà ń ṣe lára eyín. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Walter Straub ní California tẹjú mọ́ bí ahọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Nígbà tó di 1972, àwọn tó ń fi irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ tọ́jú iṣan ẹnu dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Rosemarie Van Norman ló wá gbájú mọ́ ọmọ tó ń mu ọwọ́. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1999.

Nínú ìtọ́jú yìí, ọmọ gan-an ni wọ́n ń bi bóyá ó fẹ́ jáwọ́. Wọ́n á ṣọ́ ìgbà tí ọwọ́ ń wọ ẹnu: nídìí tẹlifíṣọ̀n ni àbí lórí bẹ́ẹ̀dì? Wọ́n á wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀wọ́ lálẹ́, kó lè máa rántí. Ọjọ́ tí kò bá mu ún, ó gba oríyìn. Lẹ́yìn náà ló kan ahọ́n: kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, kó já a wálẹ̀ kó dún tọ́ọ̀, kó gbé omi mì láìti eyín.

Wọn ò fojú fo ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa. Lọ́dún 2001, Onyeaso àti Sote tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ 563 ní Nàìjíríà, ọlọ́dún 3 sí 5. Lọ́dún 2010, Quashie-Williams, daCosta àti Isiekwe wo tàwọn ọmọ iléèwé l'Ékòó. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta ìtọ́jú iṣan fún yín bí àgbo gbogboǹṣe. Nígbà tí àjọ Cochrane kó ìwádìí 6 lórí ọmọ 252 jọ lọ́dún 2015, oríyìn àti irin tí wọ́n ń fi sí àjà ẹnu ni wọ́n rí i pé ó ń ranni lọ́wọ́, ẹ̀rí náà kò sì tíì lágbára. Ará Ìkòròdú tí ọmọ rẹ̀ bá ti ju ọdún 4 lọ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ọmọ àbúrò mi pé ọdún 6, òun náà ń mu àtàǹpàkò ọ̀tún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki òwú bọ bọ́tìnì kóòtù kan tó fẹ̀, mo wá sísọ́ọ̀sì, mo gé e. Ó ń wò mí.

"Àǹtí, ṣé ẹ fi ewúro sí i ni?"

Mo ní rárá, eré ìdárayá ètè ni. Mo fi bọ́tìnì náà sáàárín ètè àti eyín rẹ̀, mo ní kó pa ètè dé, mo di òwú mú ṣinṣin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á tó já bọ́, tó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo fà á, kò wá.